Wọ́n Mọ Gẹ̀ẹ́sì, Ẹnu Wọn Ni Kò Mọ̀ Ọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn ọmọ Ṣáínà ò fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ ni. Mo kọ́ wọn ní yunifásítì kan ní ìlú Guangzhou fún ọdún mélòó kan kí Kòrónà tó dé, mi ò sì tíì rí ọmọ tó ń kàwé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní kùtùkùtù, kí aago méje tó lù, ẹ ó rí wọn lábẹ́ igi létí adágún omi inú ọgbà, kálukú dojú kọ ìwé tirẹ̀, wọ́n ń ké ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè bí ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà. Láti 2001 ni ìjọba wọn ti ní kí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá di gaokao, ìdánwò àṣewọ yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹfà, máàkì 150 ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó nínú 750. Ó bá èdè Ṣáínà àti ìṣirò dọ́gba. Nítorí náà, ọmọ tó bá jókòó síwájú mi ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá bá Gẹ̀ẹ́sì wọ̀yá ìjà.

Ẹ wá bi ọmọ náà pé kí ló jẹ lánàá. Ojú rẹ̀ á pọ́n, á wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń dáhùn láìronú ni "How are you?" Gbogbo kíláàsì á jọ fi ohùn kan wí i: "I'm fine, thank you, and you?" Ẹni tí ibà ń ṣe náà á wí i. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé nǹkan kan ò dọ́gba níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì odi ni wọ́n ń pe irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ nípa ara wọn láìtijú.

Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ojú ló ń ti àwọn ọmọ náà, pé àṣà ilẹ̀ Ṣáínà ni. Èmi ò gbà. Mo ti tẹ̀lé àwọn ọmọ yìí kan náà lọ sí ilé orin lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin tí kò lè sọ gbólóhùn kan ní kíláàsì lọ́sàn-án gba maikírófóònù, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun. Ojútì wo ló kù níbẹ̀? Ohun tí mo rí nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú gbogbo ohun tí yunifásítì ní kí ọmọ náà ṣe láti ìgbà tó wọlé títí tó fi jáde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ẹnu ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a kò sì fún níṣẹ́ kì í mọ iṣẹ́.

Èmi fúnra mi, ìwé ìrìnnà mi ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ṣe girama díẹ̀ kí àwọn òbí mi tó kó wa lọ sí London, níbi tí mo ti di ọmọ onílùú. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni mo kà gboyè. Kí n tó lọ, mo ṣe kọ́ọ̀sì ránpẹ́ kan lórí bí a ṣe ń kọ́ àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Guangzhou nígbà náà, ọmọ Ìlọrin, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní girama ní Nàìjíríà, tó sì ní oyè kejì nínú rẹ̀. Ibi yòówù tó bá kọ̀wé sí, ìbéèrè kan náà ló ń pàdé: ìwé ìrìnnà ibo lo ní? Ìlànà ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní kí olùkọ́ èdè wá láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ èdè náà bí èdè abínibí, wọn kò sì ka Nàìjíríà kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ nípa òkè àti odò ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó.

Ó jẹ́ kí n tètè mọ ohun tí wọ́n fi wá ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n fún mi ní tábìlì, wọ́n ya fọ́tò mi láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́, ó di kíláàsì. Ogójì ọmọ ló wà nínú kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sí ẹni tó pẹ́ dé, tí ẹ̀rọ kò dà wá láàmú, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀. Máàkì tó wà nídìí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wákàtí tó ṣe pàtàkì lójú gbogbo wọn ni ti àwọn olùkọ́ Ṣáínà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń palẹ̀ fún sìjí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sìjí. Òun ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ìpele kẹrin fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Liùjí ni ìpele kẹfà. Ọdún 1987 ni sìjí bẹ̀rẹ̀, liùjí tẹ̀lé e ní 1989. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, sìjí láàárọ̀, liùjí lọ́sàn-án, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ló sì ń jókòó sí i pa pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù inú ọgbà wa á kó ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí jọ gègèrè sẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tó ní rédíò nínú, torí pé orí rédíò ilé ẹ̀kọ́ ni apá gbígbọ́ ti ń wá. Ẹ ó máa rí àwọn ọmọ tó ń rìn lọ síbi oúnjẹ pẹ̀lú rẹ̀ lórí, wọ́n ń wá ibi tí ohùn ti dá ṣáká, wọ́n ń gbọ́ ìdánwò ọdún tó kọjá fún ìgbà tí wọn ò mọye mọ́. 710 ni gbogbo máàkì rẹ̀. Láti 2005 ni wọ́n ti ní kò sí yíyege tàbí fífìdírẹmi mọ́, pé iye tí ọmọ gbà nìkan ni wọn yóò kọ fún un. Síbẹ̀ 425 ni gbogbo ayé mọ̀ sí ojú ilà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń béèrè liùjí fún iṣẹ́ tí ẹni tó gbà á kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Báwo ni wọ́n ṣe pín máàkì náà? Gbígbọ́ kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Kíkà kó 35. Àròkọ 15. Títúmọ̀ èdè Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì 15. Ẹ ro ó pọ̀. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún, ẹnu kò sì tíì là. Ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ wà lóòótọ́, láti 1999, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, mi ò sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé iṣẹ́ bi léèrè rẹ̀ rí.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ti ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwa àjèjì lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò BBC kan tí wọ́n ń pè ní Follow Me jáde, lọ́dún 1982, tí Kathy Flower ń ṣe atọ́kùn rẹ̀. Ó ní ilé aládùúgbò ni àwọn ti ń wò ó, gbogbo ilé á kún, àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, wọ́n á sì máa sín àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n jẹ. Ẹni tó gbádùn Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ẹ ó retí pé Gẹ̀ẹ́sì ni á máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Èdè Ṣáínà ló fi ń kọ́ wọn. Á gbé àyọkà kan sójú ògiri, á mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè wọn, á sọ irú ìbéèrè tó lè ti ara rẹ̀ yọ, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Ó wo ilẹ̀kùn kó tó dá mi lóhùn.

"Olùkọ́, bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì sìjí bá dé, wọ́n á tò ó ní ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Tí ti ẹ̀ka tí mò ń kọ́ bá wà nísàlẹ̀, ṣé ìwọ ni wọ́n máa pè?"

Mi ò rí èsì fún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ tún ju ti sìjí lọ. Kíláàsì rẹ̀ pọ̀ débi pé kò mọ orúkọ ìdajì àwọn ọmọ náà, síbẹ̀ kì í ṣe bó ṣe ń kọ́ wọn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó gbé e ga, ìwé ìwádìí tó bá tẹ̀ jáde ni. Alẹ́ ló ń kọ ìyẹn. Ẹni tó bá ń bú olùkọ́ Ṣáínà pé kò mọṣẹ́, kó lọ gbé irú ẹrù yẹn wò.

Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló bí gbogbo rẹ̀ o. Ní àwọn ọdún 1950, èdè Rọ́ṣíà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn gbé lárugẹ. Nígbà tí gaokao padà dé ní 1977, tí ilẹ̀kùn sì ṣí fún Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí orílẹ̀-èdè náà nílò jù ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó lè ka ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè. Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nígbà náà? Àjèjì mélòó ló wà nílùú? Ìlànà ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún yunifásítì láàárín ọdún 1985 sí 1986 kọ ọ́ gbangba pé kíkà ni àkọ́kọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ayé yí, ìlànà náà yí: èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2004, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2007, ní gbígbọ́ àti sísọ ni kí wọ́n gbájú mọ́. Wọ́n sì fi kún máàkì gbígbọ́ lóòótọ́, láti 20 sí 35. Sísọ ni kò rí àyè. Ẹ̀rọ lè máàkì ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ ẹnu ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ? Ní 1999, ìjọba tún ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì gbayawu, iye ọmọ tuntun fi nǹkan bí ìdajì lé sí i lọ́dún kan péré, tíṣà kò sì lé sí i bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kíláàsì ńláńlá ti di bárakú.

Àwọn tó mọ owó rí ìhò náà, wọ́n sì wọ inú rẹ̀. Li Yang, tó kàwé ní Yunifásítì Lanzhou, ló sọ igbe di iṣẹ́: kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn dúró ní pápá ìṣeré kí wọ́n máa pariwo Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì aṣiwèrè ló pè é, ó sì gba ìlú kan ní àwọn ọdún 1990. Mo ti bá àwọn tó ti kópa nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn wọn lọ sókè dáadáa. Àmọ́ gbólóhùn tí o há sórí, bí o bá tilẹ̀ kígbe rẹ̀, ẹni tí o bá ń bá sọ̀rọ̀ á fún ọ ní èsì tí kò sí nínú ìwé rẹ.

Lórí híhá sórí náà, ẹ wá wo àròkọ wọn. Ní girama, orúkọ kan ni gbogbo ọmọ Ṣáínà ń jẹ́ nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì: Li Hua. "Kà á sí pé ìwọ ni Li Hua, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ nílẹ̀ òkèèrè." Ọ̀rẹ́ náà fẹ́ kọ́ èdè Ṣáínà, tàbí ó fẹ́ wá wo ọdún tuntun wọn, Li Hua á sì gbà á nímọ̀ràn. Àtọdúnmọ́dún ni Li Hua ti ń kọ lẹ́tà, òyìnbó kan ò fèsì rí. Nígbà tí wọ́n bá dé yunifásítì, wọ́n á gbé Li Hua sílẹ̀, wọ́n á mú àwòṣe mìíràn tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fún wọn ní àròkọ nígbà kan lórí fóònù nínú kíláàsì. Kí n tó máàkì débì kan, mo ti pàdé "With the rapid development of society" títí mo fi dẹ́kun àtikà á. Ní ìpínrọ̀ kejì, owó ẹyọ á ní ojú méjì. Ní ìkẹta, "only in this way" á kó gbogbo rẹ̀ sápò. Kò sí àṣìṣe gírámà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kò sì sí ènìyàn nínú ìkankan.

Ni mo bá yí ìbéèrè padà. Mo ní kí wọ́n kọ nípa ẹnì kan nínú ilé wọn tí wọ́n ń bẹ̀rù, kí wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ láìwo fóònù. Ọmọbìnrin kan láti abúlé kan ní Guangxi kọ ọ́ pé: "My grandmother count the egg every night. She think my uncle eat. My uncle is fifty." Ṣé ẹ rí i? Àṣìṣe mélòó ló wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá gbé e fún ẹni tó ń máàkì sìjí, á ta á nù. Èmi ka ìyókù rẹ̀ dé òpin, mo tún un kà. Ìyá àgbà tó ń ka ẹyin, ọmọ àádọ́ta ọdún tó ṣì ń jí ẹyin jẹ. Mo mọ irú ilé yẹn ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba àròkọ tí wọ́n kọ nílé mọ́.

Ibi tí ojú mi ti là jù kì í ṣe inú ọgbà. Xiaobei ni. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará wa ṣòwò ní Guangzhou á mọ ibẹ̀, àti ilé ìtajà Tianxiu tí ẹ̀yà Áfíríkà gbogbo kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń kó bàtà láti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ó bẹ̀ mí pé, "Tíṣà, bá mi wá ọmọ Ṣáínà kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kó máa bá mi gbédè lọ́jọ́ Sátidé. Màá fún un lówó." Mo mú ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́, ó ti gba liùjí, máàkì rẹ̀ lé ní 500 dáadáa. A jọ lọ.

Ìyá oníbàtà tí a bá níbẹ̀ wá láti Hunan. Kò parí girama. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Bó ṣe rí Ẹ̀gbọ́n báyìí, ó ti ń lọgun: "My friend! Long time! This one new, Lagos people like. How many carton?" Ẹ̀gbọ́n ní àtẹ́lẹ̀ bàtà náà ti fẹ́lẹ́ jù. Ìyá náà gbá a mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ po, ó ní "No broken! You broken, I eat!" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ iye sórí kakulétọ̀, ó nà án sí i. Ẹ̀gbọ́n pa á rẹ́, ó tẹ tirẹ̀. Ìyá náà dìgbò lu ara ògiri bí ẹni pé wọ́n yìnbọn fún un. Owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tí ọjà máa dé ibùdó ẹrù, àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú páálí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró ti mí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá fi máa rí i, wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú.

Ẹni tó bá dúró síbí yìí á sọ pé kí wọ́n ti yunifásítì pa, kí wọ́n kó gbogbo ọmọ lọ sọ́jà. Ẹ dúró ná. Nígbà tí ìyá náà tẹ ìwé ọjà jáde tó ní kí Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà á, ó fi ojú sáré kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ìka kan ibì kan. Páálí 120 ni wọ́n jọ fẹnu kò lé. 102 ló wà nínú ìwé, owó tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ ti 120. Ìyá oníbàtà ní ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló yọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wo ọmọbìnrin náà, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ lọ mọ́." Ọdún mẹ́wàá tí ó fi kàwé kò ṣòfò. Ojú rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ gidi. Ẹnu nìkan ni wọ́n pa tì. Nígbà tí ó sì ti ń bá wa lọ ní Sátidé-Sátidé, tí owó ń wọlé, tí ìyá oníbàtà sì sọ ọ́ di àbúrò, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ẹ̀gbọ́n jiyàn, tó sì ń fi ohùn Ìjẹ̀bú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa máa ń fi irú ìtàn yìí yangàn: àwa rèé, ẹnu wa mú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a fi rà á. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sọ fànákúlà á san owó ìtanràn, tàbí kó jẹ pàṣán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìṣirò, òun ni wọ́n fi kọ́ wa nípa odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn lọ nítòsí. Ẹnu wa là sí Gẹ̀ẹ́sì torí kò síbi tí a lè gbà sá fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwé wà, olùkọ́ wà, ọ̀rọ̀ wà fún un. Pé kò nílò Gẹ̀ẹ́sì láti di ẹni ńlá nílùú rẹ̀, ọrọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn yunifásítì wọn fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀kọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnu ọmọ lè là, èmi á wà lára àwọn tí á ní kí wọ́n má dán an wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn wá ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 pé kò di dandan. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n sì ya olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni Ṣáínà ti ní láìwá a. Ìdajì kejì, olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ kó gbájú mọ́ èdè bí ohun tí ènìyàn ń lò, ni wọ́n fi du ara wọn.

Ní tèmi, mo yí kíláàsì mi padà díẹ̀díẹ̀. Mo dẹ́kun pípe ọmọ dìde kó sọ èrò rẹ̀ níwájú ogójì ojú. Kò sí ẹni tí ìyẹn ń ṣe lóore. Méjì-méjì ni mo pín wọn sí. Mo fún ẹnì kan ní àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Guangzhou, mo fún èkejì ní ibi tó ń lọ àti iye owó tó wà lápò rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ìwé han ara wọn. Ariwo tó ń ti kíláàsì mi jáde mú kí wọ́n wá kìlọ̀ fún mi láti yàrá kejì. Èyí tó so èso jù ni WeChat, ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Mo ní kí kálukú máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú kan, lórí ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i. Nínú yàrá ibùsùn níbi tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n lójú, àwọn odi kíláàsì mi di asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo gbọ́ nípa ẹni tó ń jí ọṣẹ lò nínú yàrá, mo gbọ́ ti bàbá tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tíì dé láti ìgbà ọdún tuntun. Mi ò tún gírámà ẹnikẹ́ni ṣe títí á fi béèrè.

Nígbà tí sáà parí, ọ́fíìsì ìdánwò pè mí. Wọ́n ní ìwé ìdánwò àwọn ọmọ dà? Mo ní ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní ó yé àwọn, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń kó sínú àpótí, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò lè dé nígbàkigbà. Mo bá jókòó kọ ìwé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo bi í, ohun tó fi fèsì, ibi tí mo ti yọ máàkì, mo fọwọ́ sí i. Inú wọn dùn. Láti ìgbà náà, sáà kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣe ìdánwò ẹnu tí a ti sọ di ìwé.

Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Yunifásítì Xi'an Jiaotong kéde pé sìjí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtigboyè níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà gba orí fóònù gbogbo wọn kan. Àwọn kan ní ó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ kó orílẹ̀-èdè padà sẹ́yìn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí obìnrin ọ́fíìsì wa yẹn, mo bi í pé ṣé ilé ẹ̀kọ́ wọn náà á ṣe bẹ́ẹ̀, torí lójú tèmi, bí okùn sìjí bá tú, á ráyè kọ́ àwọn ọmọ bó ṣe wù ú. Ó rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Ó ní wọn ò tíì fọwọ́ kan sìjí, wákàtí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé kù, kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ sì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ.